Bàbá Onírun àti Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná

Ibùsùn aránṣọ ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí Bàbá Onírun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń sọ ìtàn náà lódì. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wó kí ibùsùn tó jáde. Irọ́ ni. Ògiri ni wọ́n wó. Ohunkóhun kò ṣe ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe wà láàárọ̀ ọjọ́ náà ló wà títí di òní.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Aránṣọ kan tó ń múra ìgbéyàwó ní kí Bàbá Onírun, tí í ṣe káfíńtà, kan ibùsùn fún òun. Yàrá aránṣọ kò tóbi, nítorí náà inú yàrá gan-an ni káfíńtà ti to ibùsùn náà pọ̀, láìlo ìṣó, láìlo gọ́ọ̀mù. Aránṣọ sùn lórí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sùn lórí rẹ̀, àwọn ọmọ wọn fi ṣe pápá ìṣeré, ibùsùn kò dún kín-ín. Nígbà tó yá, ilé há mọ́ wọn, wọ́n gba ilé mìíràn, wọ́n sì pe àwọn aláàárù. Àwọn yẹn kó àga, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá ku ibùsùn. Wọ́n gbé e ní ìbú, kò jáde. Wọ́n gbé e ní òró, kò jáde. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó há sẹ́nu ọ̀nà, aláàárù kan sì há sẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, ó ń pariwo pé òun níyàwó nílé.

Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó dé tòun ti àpò irinṣẹ́ léjìká, ó wo ibùsùn yíká, ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó ti pẹ́ tó rí kẹ́yìn.

"Ara rẹ̀ le," ló wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u."

"Kí n tú kí ni?"

"Ibùsùn yìí. Tí a bá dé ọ̀hún, ẹ ó tún un tò."

Káfíńtà wo aránṣọ láti òkè délẹ̀. "Nígbà tí o ní kí n kàn án, ṣé o sọ fún mi pé o máa kó lọ?"

Lẹ́yìn náà ló fara balẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Ó ní orí igi kan ni òun máa ń gbẹ́ bí ahọ́n, òun á sì gbẹ́ ihò sára igi kejì tí ahọ́n náà máa wọ̀. Ṣùgbọ́n kí ahọ́n tó wọlé, òun á la orí rẹ̀ díẹ̀, òun á ki ègé igi pẹlẹbẹ bọ ibi tí òun là. Ihò náà, inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí òòlù bá ti lu ahọ́n wọlé, ìsàlẹ̀ ihò á ti ègé igi náà padà sókè, ahọ́n á là, á fẹ̀ sínú lọ́hùn-ún, kò sì ní jáde mọ́ láyé.

"Ṣé kò wá sí bí a ṣe lè fà á yọ ni?"

"Mi ò kàn án kó lè jáde. Mo kàn án kó lè wọlé."

Onílé, tó ti ń gbọ́ ariwo láti ìta, ní ọ̀rọ̀ náà kò le, kí wọ́n yọ férémù ilẹ̀kùn. Kó tó pa ẹnu dé, Bàbá Onírun ti na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Òun ló kan férémù náà, oríkèé ahọ́n-nínú-ihò kan náà ló sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní fèrèsé ńkọ́? Òun ló kan ti fèrèsé náà.

Bíríkìlà ló parí ìjà. Ó dá ògiri lu. Onílé ń ṣépè, aránṣọ ń bẹ onílé, Bàbá Onírun sì dúró ti bíríkìlà, ó ń fi irin tí káfíńtà fi ń wọn igun wọn ihò ògiri, ó ní apá òsì kò gún, kó tún un dá. Bíríkìlà tún un dá. Ibùsùn jáde, àdúgbò pàtẹ́wọ́, aláàárù tó há sínú yàrá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n gbé ibùsùn dé ilé tuntun. Kò gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ wọlé.

Àlejò tó bá gbọ́ orúkọ Bàbá Onírun á máa wá ọkùnrin tí irun kún orí rẹ̀. Ó máa wá a tì. Orí káfíńtà náà ń dán bí ìdí àwo. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ti ki igi kan bọ èkejì láti dán an wò, ó máa ń fa ẹyọ irun kan tu lórí ara rẹ̀, á máa fi tọ ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé. Bí irun bá ríbi wọ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Á tú u, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí irun kò bá ríbi wọ̀, á ní, "Wọ́n ti di ọ̀kan," á sì fẹ́ irun náà dànù. Báyìí ló ṣe tu orí ara rẹ̀ tán kó tó darúgbó. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní rárá, ìdílé àwọn ni orí pípá ti wá. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó mọ̀, nítorí orí tirẹ̀ ló kàn.

"Ìyáa wọn, fún mi ní ẹyọ kan."

"Ẹyọ kí ni?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Bàbá wọn, ẹ ti pá tiyín tán, ẹ tún fẹ́ pá tèmi? Ẹ lọ fa irun ewúrẹ́!"

"Ti ewúrẹ́ ki jù. Tìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, kì í parọ́."

Ọ̀rọ̀ náà á dà bí ìyìn. Obìnrin á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gbàgbé ara rẹ̀, ibẹ̀ ni irun á ti já. Nígbà tó yá, kì í ṣí gèlè lórí mọ́ nínú ilé, ooru ìbáà mú bíi ti ìléru. Àwọn aládùúgbò ní ìwà ìtẹríba nìyẹn. Ìtẹríba kọ́. Ààbò ni.

Obìnrin tó ń fi irun orí rẹ̀ dán ilẹ̀kùn àwọn ẹlòmíràn wò yìí, kò ní ilẹ̀kùn nílé ìdáná tirẹ̀. Ohun kan tó tọrọ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tó wọlé ọkọ nìyẹn: ilẹ̀kùn tí òun lè tì, kí òun sì mọ̀ pé òun tì í. Ọkọ ní, "Ìyẹn náà ni ìṣòro? Màá kan èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí." Ó ta kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan sẹ́nu ọ̀nà ná, ó ní kó mú sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n lọ sílé ọkọ, wọ́n lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò tíì dé.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ọ̀lẹ ì bá ti kan ilẹ̀kùn náà kíá kó lè ráyè sùn. Ọkùnrin yìí kì í sinmi lórí ilẹ̀kùn náà. Á ra igi, á fá a, á gbẹ́ ahọ́n, á gbẹ́ ihò, á kó gbogbo rẹ̀ jọ bí ilẹ̀kùn lórí tábìlì iṣẹ́. Inú ìyàwó á dùn, á ti yọ ìkọ́ kọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà irun á wọ ibì kan. "Èjìká òkè ló là díẹ̀," ọkọ á wí, ìdí ahọ́n ló ń pè bẹ́ẹ̀, á sì fi igi náà ṣe àpótí ìjókòó. Ilé wọn kún fún àpótí ìjókòó tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò méjì kò fi lè pàdé láàárín yàrá.

Èéfín ń bá wọn ní ibùsùn. Ológbò ń jáde, ológbò ń wọlé. Èyí tó burú jù ni ewúrẹ́ funfun kan tí kò ka ènìyàn sí. Ó mọ àkókò tí wọ́n ń sọ ìkòkò kalẹ̀ ju onílé lọ. Ìyàwó lé e títí, apá rẹ̀ mọ́ òkò sísọ bíi ti ọmọ ogun. Ó ráhùn fún ọkọ, ọkọ ní kó ní sùúrù, kọ́tìnnì ṣáà wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ bá jẹ kọ́tìnnì.

Oníṣòó ló ni ewúrẹ́ náà.

Oníṣòó ni káfíńtà kejì ní òpópónà yẹn; ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ ti Bàbá Onírun gan-an. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ìṣó máa ń kún ètè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ yá. Bí o bá gbé igi fún un láàárọ̀, o máa gbé àga lọ lọ́sàn-án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, o máa gbé e padà wá. Bàbá Onírun kò lè wo ọwọ́ rẹ̀ kó dákẹ́. Láti òdìkejì títì ló ti máa ń ké, "Oníṣòó, kí ni igi yẹn ṣe fún ọ?" Oníṣòó á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kan tiyín, ẹ jẹ́ kí n kan tèmi. Àwọn oníbàárà mi kò ní ẹ̀mí Mètúsẹ́là."

Ìjà ńlá tí wọ́n jà, orí ṣísẹ̀lì ni. Ṣísẹ̀lì ni irin ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tí káfíńtà fi ń gbẹ́ ihò, àwọn tí Bàbá Onírun ní sì wà lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀ ní ìtòtẹ̀lé, láti orí èyí tó fẹ̀ jù dé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná ìka kékeré. Ó mọ ìwà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní èyí ń bínú, èyí ní sùúrù, èyí kì í fẹ́ igi tútù. Ààyò rẹ̀, ó ti pọ́n ọn lórí òkúta títí irin rẹ̀ fi kúrú bí àtàǹpàkò. Èèkù ló gùn jù níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó ra òmíràn, á ní, "Ṣé èyí kú ni?"

Ní ọjọ́ kan tí kò sí ní ìsọ̀, Oníṣòó sọdá, ó mú ààyò yìí, ó fi ṣí agolo ọ̀dà, ó sì dá a padà síbi tó ti mú un. Ó rò pé kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bàbá Onírun kò tíì jókòó tó fi mọ̀. Ó fi aṣọ funfun gbé irin náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó sọdá títì.

"Oníṣòó. Ta nìyí?"

"Ṣísẹ̀lì yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ṣe é lẹ́nu?"

Oníṣòó wò ó. "Ó jọ ọ̀dà."

"Ó jọ ọ̀dà. Ó sì ya létí. Ṣé ó ń kun ilé ni nígbà tí mo jáde?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mò ń kánjú ni."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Òun ni kí o bẹ̀."

Oníṣòó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra. Èrò ti ń pé. Nígbà tí ojú tì í tó, ó tu ìṣó ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣísẹ̀lì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Kò lè sọ "má bínú" lásán, irin náà dàgbà jù ú lọ. Bàbá Onírun gbé e sétí, ó tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, ó mi orí. "Ó ní òun máa rò ó."

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó Bàbá Onírun wá sí ìsọ̀ Oníṣòó, tó sì ní òun fẹ́ ilẹ̀kùn, ńṣe ni Oníṣòó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

"Màmá, ẹ má pa mí."

"Ewúrẹ́ rẹ ló jẹ kọ́tìnnì mi. Bó ò bá kan ilẹ̀kùn, màá so ó mọ́lẹ̀."

Oníṣòó kan ilẹ̀kùn náà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tó burú. Ó dún bí àkùkọ bí wọ́n bá ṣí i, ó sì fẹ́ kí ènìyàn fi ìdí tì í, ṣùgbọ́n ó ń tì. Obìnrin náà ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó tì í. Ó jókòó sínú ilé ìdáná, ó gbọ́ tí ewúrẹ́ ń fi orí gbá a láti ìta, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Ọkọ dé. Ó jẹun. Ó wo ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa á, ó lọ sùn. Ìyàwó ní Ọlọ́run ti bá òun ṣe é. Ní ọjọ́ kejì, bí ìyàwó ṣe ti ibi tó lọ dé báyìí, ẹnu ọ̀nà ṣófo, pákó dúró jẹ́ẹ́ lára ògiri. Bàbá Onírun ti yọ gbogbo ìṣó inú rẹ̀, ó ti fi òòlù na wọn tọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti nù wọ́n pẹ̀lú òróró, ó sì kó wọn sínú kọ́ọ̀bù lọ bá Oníṣòó.

"Àwọn nǹkan tí o gbàgbé sílé mi nìyí," ló wí. "Má ṣe máa ṣe àìbìkítà."

Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó rẹ̀ bínú débi tí kò bínú dé rí. Ó ká gèlè kúrò lórí, ó ní kó wò ó, kó wo bí irun òun ti ṣẹ́ kù. Ó ní aránṣọ ní ibùsùn, onílé ní férémù, gbogbo òpópónà ní ilẹ̀kùn, àjèjì ń tì, àjèjì ń ṣí, òun nìkan ni òun ń bá ewúrẹ́ jẹun.

"Ẹ kan ti aránṣọ, ẹ ò ṣiyèméjì. Kí ló dé tí tèmi kò lè parí?"

"Oríkèé yẹn, bó bá ti wọlé, kò sí àtúnṣe."

"Ẹ mọ ìyẹn nígbà tí ẹ ń kan ti aránṣọ!"

Ọkọ mú ṣísẹ̀lì kúkúrú, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò.

"Bí àṣìṣe bá wà nínú ti aránṣọ," ló wí nígbẹ̀yìn, "aránṣọ á máa sùn lé e lórí, kò ní mọ̀. Ìwọ, o ti bá mi dán ogunlọ́gọ̀ oríkèé wò. O máa mọ̀. Ojoojúmọ́ lo máa rí i, o sì máa mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí tún bí obìnrin náà nínú sí i. Ó wé gèlè rẹ̀ padà, ó wé e le.

Àìsàn tó mú Bàbá Onírun lọ kò pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e ka orí àga kan, kíá ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá abẹ́ rẹ̀.

"Dókítà, àga yín ń mì."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń mì."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. "Àwa méjèèjì ni," ló wí.

Wọ́n gbé e padà sílé, ó dùbúlẹ̀, bí ìyàwó rẹ̀ bá sì bu omi fún un, á nàka sábẹ́ ibùsùn, á ní, "Ìyáa wọn, ilẹ̀kùn rẹ. Ó ku díẹ̀." Obìnrin á ní, "Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ títí ó fi kú.

Àwọn aládùúgbò wá kí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àwọn àpótí ìjókòó, àyè ò sì gba ẹni tó gbẹ̀yìn láti kọjá. Wọ́n ní kó ṣọkàn gírí, ọkọ rẹ̀ jẹ́ èèyàn dáadáa. "Èèyàn dáadáa ni," ló dá wọn lóhùn. "Ó kan ilẹ̀kùn fún gbogbo yín. Ó lọ láì kan tèmi." Ẹnu yà wọ́n. Kò sunkún. Inú ló ń bí i.

Nígbà tí ẹsẹ̀ èrò dá, ó pe Oníṣòó kó wá kó ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn. Bó bá wúlò, kó fi ṣe nǹkan, bí kò bá wúlò, kó fi dáná. Oníṣòó wọ́ ẹrù kan jáde, tí wọ́n fi àjẹkù kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé dì. Ó tú u. Igi gígùn méjì ló wà níbẹ̀, àwọn igi ìdábùú, àti pátákó àárín, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ó mú ọ̀kan, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ìṣó ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Màmá, kí ni ẹ̀gbọ́n sọ pé ó kù?"

"Díẹ̀."

"Kò ku díẹ̀ o. Kò ku nǹkan kan." Ó fi igi kan hàn án. Orí ahọ́n ti là, ègé igi pẹlẹbẹ ti dúró sínú rẹ̀, ó ń retí òòlù. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka wá inú ihò kan, aláǹtakùn ti takùn síbẹ̀, ìtakùn náà sì ti gbó. "Ó ti parí tipẹ́. Kí wọ́n lù ú wọlé ló ṣẹ́ kù."

Obìnrin náà jókòó lé àpótí. Ó wo àwọn igi wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Lù ú," ló wí.

"Èmi kẹ̀?" Oníṣòó sún sẹ́yìn. "Màmá, èmi tí mo fi ṣísẹ̀lì wọn ṣí ọ̀dà? Bó bá wọlé ní wíwọ́ ńkọ́? Kò sí àtúnṣe."

"Mo mọ̀ pé kò sí. Tu ìṣó yẹn sílẹ̀, kí o mú òòlù onígi wọn."

Ó tu ìṣó sọ́wọ́, ó wá ibi tó máa kó o sí, ó kó o sápò. Wọ́n gbé igi sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Oníṣòó fẹ́ ìtakùn kúrò nínú ihò, ó ki àwọn ahọ́n bọ̀ wọ́n, ó ki pátákó sáàárín, ó gbé òòlù sókè, ó sì wẹ̀yìn kó tó lù ú. Igi náà wọlé, gbin, bí ìgbà tí ẹni tó ti dúró pẹ́ jókòó. Ó lu èkejì. Ó lu ìyókù, ó ń làágùn bí ẹni tó ń gun òkè. Nígbà tó lu èyí tó gbẹ̀yìn tán, àwọn méjèèjì ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ìsọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Obìnrin náà bá ṣí gèlè rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó mú un wá. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹyọ irun kan lórí, funfun báláú, ó sì fà á tu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tọ oríkèé àkọ́kọ́. Kò ríbi wọ̀. Ó fi tọ èkejì. Kò ríbi wọ̀. Bó ṣe ń lọ, ètè rẹ̀ ń wí bíi ti ọkọ rẹ̀, pé wọ́n ti di ọ̀kan. Ó dé orí èyí tí Oníṣòó lù gbẹ̀yìn, irun náà sì wọlé wẹ́rẹ́.

"Ó là," ló wí. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló bá jáde. "Èjìká òkè ló là díẹ̀."

"Mo sọ fún yín!" Oníṣòó ti ń wá ibi tó máa sá gbà. "Màmá, mo sọ fún yín!"

"Má wí nǹkan kan. Tún un lù. Lẹ́ẹ̀kan."

Oníṣòó dijú, ó lù ú. Oríkèé náà pa dé. Kò rántí pé irun ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Ó fà á díẹ̀. Igi ti dì í mú lórí kan, orí kejì sì yọ síta, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Lẹ́yìn kọ́tìnnì tí kò sí mọ́, ewúrẹ́ funfun dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Oníṣòó wá abẹ tó máa fi gé irun náà. Obìnrin náà gbá a lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. Ẹ̀rín mú un, ó sì ní láti di etí ilẹ̀kùn náà mú kó má baà ṣubú, ilẹ̀kùn náà kò sì mì. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Wo ọkùnrin yìí. Ó lọ tán, ó tún gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi."